Ìrìn Ẹsẹ̀ sí Pandharpur

 

Bí máàpù ayé bá wà nílé yín, ẹ ṣí i sí ibi tí ilẹ̀ Íńdíà wà. Ẹ wo ìhà ìwọ̀-oòrùn rẹ̀, níbi tí ilẹ̀ ti bá òkun pàdé. Ẹ ó rí ìlú ńlá kan tí a ń pè ní Bombay tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n tí ó ti ń jẹ́ Mumbai láti ọdún 1995. Ìpínlẹ̀ tí ìlú náà wà ni Maharashtra, Marathi sì ni èdè tí àwọn ará ibẹ̀ ń sọ. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí a jọ dé lónìí.

Lọ́dọọdún, nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù kẹfà, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ibẹ̀ a fúnrúgbìn wọn tán, wọn a ti ilẹ̀kùn ilé, wọn a di ẹrù kékeré, wọn a sì bọ́ sọ́nà. Pandharpur ni wọ́n ń lọ. Ìlú kan ni ní etí odò Bhima, níbi tí tẹ́ńpìlì àtijọ́ kan wà tí àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù ilẹ̀ náà fẹ́ràn gidigidi. Vithoba ni orúkọ òrìṣà tí ó wà nínú rẹ̀. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn. Láti ìlú Alandi, tí kò jìnnà sí Pune, títí dé Pandharpur tó nǹkan bí kìlómítà 250. Ó dàbí ìgbà tí ènìyàn fi ẹsẹ̀ rìn láti Ìbàdàn dé Èkó, tí ó sì tún fi ẹsẹ̀ rìn padà sí Ìbàdàn. Nǹkan bí ọjọ́ 21 ni wọ́n fi ń rìn ín. Bí a bá ka gbogbo àwọn tí ó pàdé ní Pandharpur ní ọjọ́ ọdún náà, wọn a ju 500,000 lọ.

Kí ni wọ́n ń wá lọ? Ta ni ó ń ṣáájú wọn? Ǹjẹ́ gbogbo ẹni tí ó rìn dé ibẹ̀ ni wọ́n sì ń jẹ́ kí ó wọlé? Ìbéèrè kẹta yìí ni ó mú mi yan ọ̀rọ̀ ti òní, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a mú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ òrìṣà náà. Bí ẹ bá rí ère Vithoba, ẹ ó rí i pé orí bíríkì kan ni ó dúró lé, tí ó fi ọwọ́ méjèèjì lé ìbàdí bí ẹni tí ń retí ẹnìkan. Àwọn ará ibẹ̀ a máa sọ ìdí rẹ̀ báyìí. Wọ́n ní ọkùnrin kan wà tí ń jẹ́ Pundalik. Nígbà èwe rẹ̀ kò náání àwọn òbí rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí ó yá, ó ronú pìwà dà, ó sì ń tọ́jú wọn tọkàntọkàn. Ní ọjọ́ kan, bí ó ti ń fọwọ́ ra ẹsẹ̀ àwọn òbí rẹ̀, òrìṣà fúnra rẹ̀ dé sí ẹnu ọ̀nà. Pundalik kò dìde. Ó ju bíríkì kan sí i pé kí ó dúró lé e lórí ná, títí òun yóò fi ṣe tán lọ́dọ̀ ìyá àti bàbá òun. Òrìṣà kò bínú. Ó gun orí bíríkì, ó fọwọ́ lé ìbàdí, ó ń dúró. Wọ́n ní ibẹ̀ náà ni ó ṣì dúró sí títí di òní. Ẹ̀yin ọmọdé, ẹ má gbàgbé èyí: nínú ìtàn àwọn ènìyàn wọ̀nyí, òrìṣà pàápàá ní sùúrù fún ẹni tí ń tọ́jú òbí rẹ̀.

Ó wá ku ẹni tí ń ṣáájú wọn. Olùkọ́ wọn ni, ṣùgbọ́n olùkọ́ náà ti kúrò láyé láti ọdún 1296. Dnyaneshwar ni orúkọ rẹ̀. Ó le díẹ̀ lẹ́nu wa, nítorí náà ẹ jẹ́ kí a máa pè é ní Dnyanoba, nítorí bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ènìyàn rẹ̀ ń pè é.

Ọdún 1275 ni a bí Dnyanoba, nínú ìdílé Brahmin, àwọn tí wọ́n ń ṣe àlùfáà, tí wọ́n sì ka ìbí wọn sí èyí tí ó ga jù lọ. Ṣáájú kí a tó bí i, bàbá rẹ̀ ti fi aya sílẹ̀ lọ di ẹni tí ó kọ ayé sílẹ̀ nítorí ìsìn. Nígbà tí olùkọ́ bàbá náà gbọ́ pé ó ní aya nílé, ó dá a padà. Ó padà, ó sì bí ọmọ mẹ́rin, ọkùnrin mẹ́ta àti obìnrin kan. Àwọn àgbà Brahmin ní èèwọ̀ ni, ẹni tí ó ti kọ ayé sílẹ̀ kò gbọdọ̀ padà wá bímọ. Wọ́n lé gbogbo ìdílé náà kúrò lẹ́gbẹ́. Ìtàn sọ pé nígbà tí ó pẹ́, àwọn òbí náà fi ẹ̀mí ara wọn ṣe ètùtù nínú odò, kí wọ́n lè gba àwọn ọmọ wọn padà. Síbẹ̀ àwọn àgbà náà kò tètè gbà wọ́n. Ọmọ mẹ́rin wá ń rìn láti ìlú dé ìlú, láìní ìyá, láìní bàbá.

Ìtàn kan wà tí gbogbo ọmọ Maharashtra mọ̀. Nígbà tí àwọn ọmọ náà dé ìlú Paithan láti bẹ àwọn amòfin ìsìn, wọ́n fi Dnyanoba ṣe ẹlẹ́yà, wọ́n ní orúkọ tí òun ń jẹ́ náà ni ẹfọ̀n kan tí ń kọjá lọ ń jẹ́. Ọmọ náà gbé ọwọ́ lé orí ẹfọ̀n náà, ẹfọ̀n sì bẹ̀rẹ̀ sí ka ìwé mímọ́ wọn lórí. Bóyá ẹ gbà á gbọ́ o, bóyá ẹ kò gbà á gbọ́ o, ẹ wo ohun tí àwọn tí ń sọ ọ́ fẹ́ kí ọmọ wọn mọ̀: ọ̀rọ̀ mímọ́ kì í béèrè ìdílé tí a ti bí ẹnu tí ó fẹ́ gbà jáde.

Ẹ̀gbọ́n Dnyanoba, tí ń jẹ́ Nivruttinath, ni ó kọ́ ọ ní ẹ̀kọ́ ìsìn. Ní ọdún 1290, nígbà tí Dnyanoba kò tíì ju ọmọ ọdún 15 lọ, ó parí iṣẹ́ kan tí ó sọ orúkọ rẹ̀ di ńlá. Èdè Sanskrit ni wọ́n fi kọ ìwé mímọ́ wọn, èdè tí àgbẹ̀ inú oko àti obìnrin ìdí ààrò kò gbọ́. Dnyanoba mú èyí tí wọ́n ń pè ní Bhagavad Gita, ó sì sọ ọ́ ní Marathi, èdè tí wọ́n fi ń ná ọjà, pẹ̀lú àlàyé tí ó gùn tó nǹkan bí ẹsẹ 9,000. Láti ọjọ́ náà ni ẹni tí kò lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àlùfáà ti lè gbọ́ ọ̀rọ̀ náà ní èdè ìyá rẹ̀. Ní ẹni ọdún 21, ó wọ yàrá kan lábẹ́ ilẹ̀ ní Alandi, ó jókòó nínú àṣàrò, wọ́n sì fi òkúta dí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ibẹ̀ ni ibojì rẹ̀ wà. Ibẹ̀ náà ni ìrìn ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ní ọjọ́ tí wọ́n bá gbéra, wọn a gbé bàtà fàdákà tí ó dúró fún ẹsẹ̀ olùkọ́ náà sínú ìtẹ́ kan tí a ṣe lọ́ṣọ̀ọ́, wọn a sì gbé ìtẹ́ náà sórí kẹ̀kẹ́ tí màlúù ń fà. Ẹṣin kan ń lọ níwájú tí ẹnikẹ́ni kì í gùn, nítorí wọ́n gbà pé olùkọ́ ni ó wà lórí rẹ̀. Láti ìlú Dehu, tí ó wà nítòsí, bàtà Tukaram náà a gbéra. Tukaram jẹ́ oníṣòwò kékeré àti àgbẹ̀ tí ó kọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ orin ìsìn, tí ó sì kú ní nǹkan bí ọdún 1650. Ọmọ rẹ̀ Narayan ni ó bẹ̀rẹ̀ àṣà gbígbé bàtà nínú ìtẹ́ báyìí, ní nǹkan bí ọdún 1685. Ṣùgbọ́n ìrìn ẹsẹ̀ sí Pandharpur ti wà tipẹ́tipẹ́ ṣáájú ìgbà náà.

Àwọn arìnrìn-àjò náà ni a ń pè ní Varkari. Wọn kì í rìn rúdurùdu. Ẹgbẹ́ ẹgbẹ́ ni wọ́n pín ara wọn sí, dindi sì ni orúkọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Àwọn alásíá a wà níwájú, àwọn tí ń lu àwo idẹ a tẹ̀ lé wọn, onílù a wà láàárín, àwọn obìnrin a sì ru ìkòkò kékeré tí a gbin ewé tulsi sí. Ìbátan efinrin tiwa ni tulsi yìí. Ìlẹ̀kẹ̀ tí a fi igi rẹ̀ ṣe ni Varkari ń fi sọ́rùn, ẹni tí ó bá sì ti fi í sọ́rùn kò ní jẹ ẹran mọ́, kò sì ní mu ọtí. Orin ni wọ́n fi ń wọn ọ̀nà. Bí ẹsẹ̀ bá ń ro wọ́n, wọn a gbé orin sókè sí i. Òjò a pa wọ́n, oòrùn a sì tún gbẹ aṣọ mọ́ wọn lára.

Lẹ́yìn Pune, òkè kan wà tí ń jẹ́ Dive Ghat. Màlúù tí ń fa kẹ̀kẹ́ kò lè dá a gùn, àfi kí wọ́n so màlúù mìíràn mọ́ wọn. Àwọn arúgbó a di èjìká ọ̀dọ́ mú. Bí wọ́n bá gùn ún tán, tí wọ́n bojú wẹ̀yìn, wọn a rí ènìyàn bí odò tí ń ṣàn gòkè. Ní àwọn ibì kan lọ́nà, wọn a dúró sí pápá, wọn a ṣe agbo ńlá, ẹṣin tí kò ní ẹlẹ́ṣin a sì sáré yí agbo náà ká. Bí ó bá ti kọjá, àwọn ènìyàn a bu erùpẹ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ̀, wọn a fi kan iwájú orí wọn.

Ohun tí ó wù mí jù lọ nínú ìrìn yìí ni orúkọ tí wọ́n fi ń pe ara wọn. Mauli ni. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni ìyá. Dnyanoba ni wọ́n kọ́kọ́ fún ní orúkọ náà, nítorí wọ́n ní ó tọ́ àwọn bí ìyá ti í tọ́ ọmọ. Ṣùgbọ́n lójú ọ̀nà, gbogbo ènìyàn ni mauli. Ẹni tí ó bu omi fún ọ, mauli ni. Ẹni tí ó ṣèèṣì tẹ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀ nínú èrò, mauli ni. Bí Varkari méjì bá pàdé, wọn a tẹrí ba fi ọwọ́ kan ẹsẹ̀ ara wọn, àgbà fún ọmọdé, ọmọdé fún àgbà. Ẹ̀yin tí ẹ mọ bí ìkúnlẹ̀ àti ìdọ̀bálẹ̀ ti rí lọ́dọ̀ wa, ẹ ro ó wò, kí bàbá arúgbó tẹrí ba fún ọmọ tí kò tíì wọ ilé-ìwé!

Bí ọ̀rọ̀ náà bá parí síbí, ǹ bá kí yín pé ó dàárọ̀. Ṣùgbọ́n obìnrin ọ̀mọ̀wé kan wà, Irawati Karve, tí ó jẹ́ olùkọ́ ní Deccan College ní Pune. Ó bá wọn rìn, ó sì kọ ìròyìn ìrìn náà. Nínú ẹgbẹ́ tí ó bá rìn, àwọn Brahmin àti àwọn Maratha jọ ń rìn, wọ́n jọ ń kọrin. Bí àkókò oúnjẹ bá tó, olúkúlùkù a lọ sí ìdí ààrò àwọn ẹ̀yà tirẹ̀. Ó dùn ún, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó dùn ún. Orin kan, ọ̀nà kan, ìkòkò ọbẹ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Èyí mú wa dé ìbéèrè kẹta. Lára àwọn olùkọ́ tí àwọn Varkari ń kọ orin wọn, oríṣiríṣi oníṣẹ́ ni ó wà. Aránṣọ ni Namdev. Amọ̀kòkò ni Gora. Ìránṣẹ́bìnrin inú ilé ni Janabai. Chokhamela sì wà, ẹni tí ó jẹ́ Mahar. Iṣẹ́ tí ìbí pín fún àwọn Mahar ni kí wọ́n máa kó òkú màlúù kúrò nílùú, kí wọ́n máa ṣọ́ ààlà abúlé. Wọ́n kà wọ́n sí aláìmọ́ tí ẹnìkan kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Wọn kò gbọdọ̀ fa omi nínú kànga àwọn yòókù, wọn kò sì gbọdọ̀ wọ tẹ́ńpìlì. Àwa Yorùbá sọ pé bí ọmọdé bá mọ ọwọ́ ọ́ wẹ̀, a bá àgbà jẹun. Fún Chokhamela, kò sí omi kankan láyé tí ó lè fi wẹ ọwọ́ tirẹ̀ tí yóò mọ́ lójú àwọn tí ó ni ilẹ̀kùn.

Ìta ni ó ti ń kọrin sí Vithoba. Ní nǹkan bí ọdún 1338, wọ́n ń mọ odi ní ìlú Mangalvedha, Chokhamela sì wà lára àwọn tí ń ṣiṣẹ́. Odi náà wó, ó sì pa á pẹ̀lú àwọn mìíràn. Ìtàn sọ pé Namdev lọ wá egungun rẹ̀ nínú àwókù náà. Egungun tí ó bá gbé sí etí tí ó sì gbọ́ orúkọ Vithoba nínú rẹ̀, ó mọ̀ pé ti ọ̀rẹ́ òun ni. Ó kó wọn wá sí Pandharpur, wọ́n sì sin ín síwájú tẹ́ńpìlì, ní ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn. Ibojì náà wà níbẹ̀ títí di òní. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rò ó: ọwọ́ rẹ̀ dára láti fi mọ odi ìlú, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dára láti fi wọ ilé ìsìn. Fún ọgọ́rùn-ún ọdún mẹ́fà lẹ́yìn ikú rẹ̀, àwọn ènìyàn kọrin Chokhamela, wọ́n kọjá lára ibojì rẹ̀, wọ́n sì wọlé, nígbà tí àwọn ọmọ ẹ̀yà rẹ̀ dúró sí ìta.

Ní ọdún 1930, ọmọ Mahar kan tí ó di agbẹjọ́rò, Bhimrao Ambedkar, kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn rẹ̀ lọ sí ẹnu ọ̀nà tẹ́ńpìlì Kalaram ní ìlú Nashik, láti bèèrè pé kí a jẹ́ kí àwọn wọlé. Wọ́n ń bá a lọ fún ọdún mélòó kan, a kò ṣí i fún wọn.

Ẹni tí ó mú ọ̀rọ̀ náà dé Pandharpur jẹ́ olùkọ́ ilé-ìwé. Pandurang Sadashiv Sane ni orúkọ rẹ̀, a bí i ní ọdún 1899. Ẹ tún wo orúkọ náà, nítorí Pandurang jẹ́ ọ̀kan nínú orúkọ Vithoba gan-an. Ìdílé Brahmin ni a ti bí i, nítorí náà ilẹ̀kùn tẹ́ńpìlì kò tì mọ́ òun rí. Ó kọ́ni ní ilé-ìwé gíga kan ní ìlú Amalner, ó sì ń bá àwọn ọmọ gbé ní ilé ibùgbé wọn. Ní ọdún 1930 ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ láti bá Gandhi jà fún òmìnira, wọ́n sì jù ú sẹ́wọ̀n. Inú ẹ̀wọ̀n ní Nashik ni ó ti kọ ìwé rẹ̀ lórí ẹ̀kọ́ tí ìyá kan kọ́ ọmọ rẹ̀, Shyamchi Aai, tí àwọn ọmọ Maharashtra ṣì ń kà. Sane Guruji ni gbogbo ènìyàn ń pè é, èyí ni Olùkọ́ Sane.

Sane kọ́kọ́ rìn káàkiri Maharashtra fún oṣù púpọ̀, ó ń bẹ àwọn ará abúlé kí wọ́n ṣí kànga wọn àti tẹ́ńpìlì wọn sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù karùn-ún ọdún 1947, ó bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ ní Pandharpur, ó ní òun kò ní jẹun títí a ó fi ṣí ilẹ̀kùn Vithoba. Òmìnira ilẹ̀ Íńdíà kò ju oṣù mẹ́ta àti ààbọ̀ lọ sí i. Ó gbààwẹ̀ fún nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá. Àwọn tí ó wà nídìí tẹ́ńpìlì náà gbà níkẹyìn, ọmọ Mahar sì gun àtẹ̀gùn, ó kọjá lára ibojì Chokhamela, ó wọlé. Nígbà tí òfin ńlá ilẹ̀ Íńdíà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1950, ó sọ kíka ènìyàn sí ẹni tí a kì í fọwọ́ kàn di ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin. Ní ọdún 2014, ìgbìmọ̀ tẹ́ńpìlì náà kéde pé obìnrin àti ẹni tí kì í ṣe Brahmin pàápàá lè wá bèèrè iṣẹ́ àlùfáà níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n n kò ní sọ fún yín pé gbogbo rẹ̀ ti dára tán. Ní ọdún 1948, Ambedkar kọ ìwé kan lórí àwọn tí a kì í fọwọ́ kàn, ó sì fi orúkọ Chokhamela sí iwájú rẹ̀ láti bu ọlá fún un. Ní ọdún 1956, ní ìlú Nagpur, Ambedkar fi ẹ̀sìn Híńdù sílẹ̀, ó gba ẹ̀sìn Búdà, ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn rẹ̀ sì tẹ̀ lé e. Ilẹ̀kùn Pandharpur ti ṣí nígbà náà. Fún wọn, ó ti pẹ́ jù. Ẹni tí ó ti dúró sí ìta fún ọgọ́rùn-ún ọdún mẹ́fà lè yàn láti má wọlé mọ́ nígbà tí a bá ń pè é, ta ni yóò sì dá a lẹ́bi?

Ẹ̀yin olùgbọ́ mi, iṣẹ́ mi ni láti kọ́ àwọn tí yóò di olùkọ́. Mo máa ń sọ fún wọn pé orúkọ gbogbo ọmọ ni ó wà nínú ìwé ìpè, ṣùgbọ́n kí wọ́n wo ẹni tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kì í bá jókòó, ẹni tí wọn kì í pè sí eré, nítorí ohun tí wọ́n sọ nípa ìdílé rẹ̀ tàbí iṣẹ́ òbí rẹ̀. Ó ń bá wọn rìn lọ sí ilé-ìwé lójoojúmọ́. Ó ń bá wọn kọ orin àárọ̀. Ìta ni ó wà síbẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ, bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá wà ní kíláàsì yín, ẹ mọ orúkọ rẹ̀ kí n tó dákẹ́. Ẹ má dúró de ìgbà tí olùkọ́ kan yóò gbààwẹ̀ nítorí rẹ̀. Lọ́la, ẹ sún díẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì, kí ẹ sì pè é kí ó wá jókòó. Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá mú un wálé, ẹ fún un ní omi nínú ife tí ẹ̀yin náà fi ń mu.

Ó dàárọ̀ o.